Epo Orí Àjà àti Àwa Tí A Jẹ Ọbẹ̀

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ

Sí Olóòtú,

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìbàdàn ni mo sì ń gbé. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Ògóní, ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta tó dé, bí a ṣe ń jẹun lọ́wọ́, ó bi mí pé ta ló sanwó ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí mo lọ. Mo ní ìjọba àpapọ̀ ni, nítorí wọ́n nílò olùkọ́ púpọ̀ nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ UPE fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ní níbo ni ìjọba àpapọ̀ ti rí owó. Kí n tó ronú, ó ti dáhùn fúnra rẹ̀: “Màmá, lábẹ́ ilẹ̀ àwọn tí mo bá gbé ni owó yẹn ti wá, òórùn epo ni omi kànga wọn sì ń rùn títí di òní.” Ó ní ilé tí a jókòó sí yìí, owó wọn ló wà nínú rẹ̀.

Inú bí mi, mo sì sọ ọ̀rọ̀ líle sí i. Bàbá wọn ní kí n má dá a lóhùn, pé àwọn gómìnà tiwọn ló kó wọn lówó jẹ, kí ló kàn wá níbẹ̀. Ọdún 34 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, n kò jí kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni. A sì ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí pé kálukú ni yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀. Síbẹ̀, oorun ti dá lójú mi láti alẹ́ ọjọ́ náà. Ṣé mo jẹ̀bi ohun tí n kò ṣe? Bí mo bá sì jẹ̀bi, kí ni kí n ṣe, ṣé kí n ta ilé ni?

Ìyá Olùkọ́, Ìbàdàn

ÈSÌ

Màmá, ẹ kú àìsùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó mú gègé, nítorí pé ìbéèrè tí ọmọ yín bi yín kan èmi náà: owó ìrànwọ́ ìjọba ni mo fi ka ìwé ní yunifásítì, kì í sì í ṣe kòkó ló mú owó náà wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́rìí sí ohun tí ọmọ yín rí. Ní 1956 ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Bayelsa lónìí, nígbà tó sì di 1958, ọkọ̀ òkun ti ń gbé e lọ tà. Nígbà tí iye owó epo fò sókè ní ìparí 1973, owó náà dé ọ̀dọ̀ wa ní ilẹ̀ Yorùbá bí òjò ṣe ń dé oko. Ẹ̀yin náà rántí owó Udoji, àfikún owó oṣù tí àwọn òṣìṣẹ́ ọba gbà ní 1975, tí àwọn kan fi ra alùpùpù, tí àwọn mìíràn fi ra ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àkọ́kọ́ tó wọ àdúgbò wọn. UPE bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1976, FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú, tẹ̀lé e ní 1977, wọ́n sì ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978. Títí di òní yìí, ìpínlẹ̀ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì yín ṣì ń wo ojú Àbújá lóṣooṣù fún ìpín tirẹ̀, apá ńlá nínú ìpín náà sì jẹ́ owó epo.

Ní ti kànga tí ọmọ yín sọ, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi oṣù 14 ṣe ìwádìí ní ibi tó lé ní 200 ní ilẹ̀ Ògóní, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ 2011. Ní àdúgbò kan tó ń jẹ́ Nisisioken Ogale, wọ́n bá benzene, èròjà tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, nínú kànga tí àwọn ènìyàn ń pọn mu, ó sì fi ìlọ́po tó ju 900 lọ kọjá ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí. Wọ́n ní yóò gba ọdún 25 sí 30 kí ilẹ̀ àti omi Ògóní tó lè padà sípò, àti pé kí wọ́n fi bílíọ̀nù kan dọ́là bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní Bodo, tí kò jìnnà síbẹ̀, epo tú jáde láti inú páìpù lẹ́ẹ̀mejì ní 2008, ó sì ba odò tí àwọn ènìyàn ti ń rí ẹja, akàn àti ìṣáwùrú jẹ. Ó di 2015, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé ẹjọ́ náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kí Shell tó gbà láti san mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn fún wọn. Ẹ sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó kọ́kọ́ pariwo: ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá 1995, ìjọba ológun so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn kọ́ ní Port Harcourt.

Ọmọ yín kò parọ́. Ohun tó kù láti yẹ̀ wò ni ohun tó fi òtítọ́ náà dì mọ́ yín lọ́rùn.

Àwọn àgbà wa ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń fi òwe yìí dá irú ẹ̀yin lẹ́bi, mo sì rò pé wọ́n ń ṣì í lò. Ẹni tó gba epo sílẹ̀ dúró nísàlẹ̀ àjà. Ó mọ onílé, ó mọ̀ pé onílé kò sí nílé, ó sì na ọwọ́ sókè. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní nǹkan bí 1975 kò dúró nísàlẹ̀ àjà ẹnikẹ́ni. Ọbẹ̀ tí wọ́n ti sè jinná ni wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀, ebi ń pa á, ó sì jẹ ẹ́. Òwe náà dá olè lẹ́bi, ó dá agbàlọ́wọ́-olè lẹ́bi jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó jẹ ọbẹ̀. Àwa tí a jẹ ẹ́ la ní láti wá ọ̀rọ̀ ara wa sọ.

Ohun tí mo rò nìyí. Ọwọ́ ènìyàn àti ìmọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀bi máa ń tọ̀ lẹ́yìn. Gbèsè ní tirẹ̀, dúkìá ló ń tọ̀ lẹ́yìn. Nínú àṣà wa, bí baálé ilé bá kú, a kì í pín ogún rẹ̀ kí a tó wádìí bóyá ó jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Ọmọ tí wọ́n pín oko kòkó fún kò lè wí fún olówó pé òun kò tíì dáyé ní ọjọ́ tí bàbá òun lọ yá owó tí wọ́n fi dá oko náà. Òótọ́ ni pé kò tíì dáyé, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní oníwàkiwà nítorí pé bàbá rẹ̀ jẹ gbèsè. Olówó pàápàá yóò kí i dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá gba oko tán, tí ó ń ká kòkó ibẹ̀ lọ́dọọdún, tí ó sì ń lé olówó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ohun tí ó ń ṣe náà kì í ṣe ti bàbá rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí ó mọ̀ tí ó sì kọ̀ ni ẹ̀bi tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pẹ̀lú ọmọ yín dé ìwọ̀n kan, tí n kò sì gbà pẹ̀lú Bàbá wọn rárá, kí wọ́n má bínú sí mi. Ẹ kò jẹ̀bi owó ilé-ẹ̀kọ́ yẹn. Ẹ jẹ ẹ́ ní gbèsè, ẹ kò sì mọ̀ títí di alẹ́ tí ọmọ yín sọ ọ́. Ní báyìí tí ẹ ti mọ̀, ẹ kò tún lè wà ní ipò tí ẹ wà kí ó tó sọ ọ́, mo sì rò pé ohun tí kò jẹ́ kí ẹ sùn gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Bàbá pé àwọn gómìnà ibẹ̀ ló kó owó jẹ yẹ fún èsì pàtó, nítorí òun ni a sábà máa ń gbọ́ ní ilé ọtí àti nínú ọkọ̀. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. James Ibori, tó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Delta, gbà níwájú ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012 pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún 13. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé owó náà díẹ̀ sí i. Ní oṣù kẹta 2021, ìjọba Bìrìtìkó gbà láti dá mílíọ̀nù 4.2 pọ́n-ùn padà nínú ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ àti àwọn alájọṣe rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ wa sì kéde pé iṣẹ́ mẹ́ta ni àwọn yóò fi owó náà ṣe: afárá kejì lórí Odò Ọya, ọ̀nà Àbújá sí Kánò, àti ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn ará Delta fi igbe ta. Owó tí wọ́n jí lọ́wọ́ wọn ni wọ́n gbà padà lọ́wọ́ olè, ọ̀nà tí ẹ̀yin àti Bàbá ń gbà lọ sí Èkó wá wà lára ibi tí wọ́n ní kí ó gbà lọ. N kò mọ bí ènìyàn ṣe lè gbọ́ ìyẹn tán kí ó tún sọ pé àárín àwọn ará Delta àti àwọn gómìnà wọn nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ohun kan tún wà tó dùn mí ju ti owó lọ, nítorí pé ọwọ́ àwa fúnra wa wà nínú rẹ̀. Ìwé òfin tí a fi gba òmìnira ní 1960 sọ pé ìdajì owó ohun àlùmọ́nì tí wọ́n bá wà ní agbègbè kan ni agbègbè náà yóò gbà. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí kòkó ń mówó wọlé, àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn wà lára àwọn tó pariwo jù lọ pé kí oníkálukú jẹ èrè ilẹ̀ rẹ̀. Èrè kòkó náà wà lára ohun tí Olóyè Awólọ́wọ̀ fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955. Nígbà tí epo gba ipò kòkó, ìdajì di ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 20, ó já wálẹ̀ dé ìdá kan àti ààbọ̀ ní àwọn ọdún 1980, ó di 3 ní 1992, kí ìwé òfin 1999 tó gbé e dé 13. Ohùn tí a fi jà fún kòkó kò jáde lẹ́nu wa mọ́. Àwa sì mọ bí ó ṣe ń rí lára àgbẹ̀ tí wọ́n ń fi òógùn rẹ̀ kọ́ ilé fún ẹlòmíràn, nítorí pé àwọn àgbẹ̀ kòkó tiwa náà bínú débi tí wọ́n fi dìde ogun Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 àti 1969.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Odi dé. Ní oṣù kọkànlá 1999, lẹ́yìn tí àwọn kan ti pa àwọn ọlọ́pàá, ìjọba àpapọ̀ rán sójà sí ìlú náà ní Bayelsa, wọ́n sì sọ ọ́ di ahoro. Ní 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt pàṣẹ pé kí ìjọba san bílíọ̀nù 37.6 náírà fún àwọn ará Odi. Ọmọ Yorùbá ló wà lórí àga ààrẹ nígbà náà, kódà àwa tí a kò dìbò fún un gbà pé ìpín Yorùbá ni àga yẹn nítorí ohun tí ojú wa rí lórí June 12. Ẹni tó bá gba àga ní ìpín rẹ̀ kò lè sọ pé ohun tí wọ́n ṣe láti orí àga kò kan òun.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀yà mìíràn ni. Àwọn Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ń gbé lórí epo. Ní oṣù karùn-ún 1998, àwọn kan nínú wọn lọ dúró sórí pèpéle epo Chevron tó ń jẹ́ Parabe láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn, àwọn sójà dé, wọ́n yìnbọn, méjì nínú wọn sì kú. Ẹjọ́ wọn dé San Francisco, ó sì já sí òfo fún wọn ní 2008. Ìwọ̀nba wa ní Ìbàdàn ló rántí rẹ̀.

Ṣé kí ẹ wá ta ilé? Rárá o. Bí ẹ bá ta á lónìí, ta ni ẹ fẹ́ gbé owó náà fún, kànga wo ni yóò sì mọ́? Gbèsè tí gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ kò ṣe é san láti inú àpò olùkọ́ kan, kò sì wúwo bákan náà lórí gbogbo wa: èyí tó wà lọ́rùn ẹni tó buwọ́ lu ìwé ní ilé-iṣẹ́ ìjọba ju tiyín lọ fíìfíì, tiyín sì ju ti alágbàṣe tí kò rí ilé-ẹ̀kọ́ kankan wọ̀. Bí ọmọ yín bá fẹ́ kí ẹ dá owó jọ fún ìdílé tó gbà á sílé, ẹ ṣe é pẹ̀lú ìfẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin méjèèjì pè é ní ẹ̀bùn, kí ẹ má pè é ní gbèsè tí ẹ ti san.

Sísan tí mo mọ̀ wà nínú ohun tí ó ṣì kù lọ́wọ́ yín. Ní 2021, nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin tuntun lórí epo rọ̀bì, àríyànjiyàn ńlá wáyé lórí iye tí ilé-iṣẹ́ epo yóò máa yọ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn ìlú tó gbà wọ́n lálejò. Ilé Aṣojú-ṣòfin sọ pé kí ó jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n ń ná lórí iṣẹ́ wọn, Ilé Aṣòfin Àgbà ní 3, èyí tó kéré ló sì wọlé. Àwọn tí ẹ̀yin àti èmi dìbò fún wà nínú ilé méjèèjì. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ní àdúgbò yín béèrè lọ́wọ́ wọn pé ìhà wo ni wọ́n dúró sí? Èmi kò béèrè, mo sì ń tijú rẹ̀. Wọn yóò tún wá bẹ̀ wá fún ìbò, ìbéèrè náà sì ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ti iṣẹ́ ìmọ́tótó ilẹ̀ Ògóní tí wọ́n ṣí ní Bodo ní 2016. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ará Ògóní nìkan ló ń béèrè, ó rọrùn fún Àbújá láti pè wọ́n ní oníjàgídíjàgan. Bí ìyá àgbà kan láti Ìbàdàn bá béèrè, wọn kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ láti fún un.

Ohun tó kù ni èyí tó sún mọ́ yín jù. Ẹ pe ọmọ yín, kí ẹ sọ fún un pé ó sọ òótọ́. Ẹ ní kí ó sọ gbogbo ohun tó rí fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú yín, kí Bàbá náà sì jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọdún 34 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ mọ̀ pé ohun tí a kò bá sọ nílé, ọmọ kì í gbà á gbọ́ ní kíláàsì.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Sí Olóòtú,

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 2003 ni mo sì ti ń san owó orí níbí. Mo gbọ́ pé títí di 2015, owó orí wa wà lára ohun tí ìjọba Bìrìtìkó fi ń san owó tí wọ́n yá láti fi tu àwọn tó ni ẹrú lójú nígbà tí wọ́n dá ẹrú sílẹ̀. Àwọn ènìyàn mi ni wọ́n tà, èmi ni mo tún ń san owó fún ẹni tó rà wọ́n! Ta ló jẹ ta ní gbèsè báyìí?

A. K., Peckham

ÈSÌ

Ohun tí ẹ gbọ́ jẹ́ òótọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin ìdásílẹ̀ ẹrú ní 1833, mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn olówó ẹrú. Àwọn ẹrú fúnra wọn kò gba kọ́bọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ṣiṣẹ́ fún olówó wọn àtijọ́ títí di 1838. Wọ́n yá owó láti san án, gbèsè náà sì wà nínú ìwé ìjọba títí di 2015. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Owó tí wọ́n yọ lára owó oṣù yín kò sì sọ yín di ẹlẹ́ṣẹ̀, nítorí wọn kò bi yín léèrè kí wọ́n tó yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí ẹ tún wò, ìyẹn “àwọn ènìyàn mi ni wọ́n tà”. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́, àwọn jagunjagun tiwa ló ń kó àwọn ará wa lẹ́rú, tí wọ́n ń tà wọ́n ní Èkó, Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ wọn fi di ará Bahia àti Kúbà. Àwọn tí wọ́n tà bímọ sí ọ̀hún. Ẹ̀yin àti èmi tí a bí sílé, ọmọ àwọn tó ṣẹ́kù ni wá, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ àwọn tó tà wọ́n ni àwọn mìíràn nínú wa. N kò sọ ọ́ láti gba ìbínú yín sí Bìrìtìkó lọ́wọ́ yín. Mo sọ ọ́ nítorí pé èyí tó kù nílé wà ní ibi tí ọwọ́ yín ti lè tó o.

Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé, ní Èkó pàápàá, àwọn kan wà tí wọ́n ṣì ń pè ní àrọ́ta lábẹ́lẹ̀, nítorí pé ẹrú ni wọ́n fi ìyá ńlá wọn ṣe. Wọ́n ń dáwó òkú, wọ́n ń dá aṣọ ẹbí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ta ilẹ̀ ìdílé, ẹnì kan yóò yọ́ ọ̀rọ̀ sọ pé wọn kì í ṣe ọmọ ilé. Nígbà tí ẹ bá tún wálé fún ìpàdé ẹbí yín, ẹ béèrè bóyá irú wọn wà láàárín yín, kí ẹ sì béèrè ìpín wọn lójú gbogbo ilé.